Ògiri Ilé Ewúrẹ́, Níbi Tí Nẹ́tíwọọ̀kì Wà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Post Office, ní Ìlọrin níbí, mò ń lọ sí Basin. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ jókòó tì mí. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú ojú, ó ń bá ìyá rẹ̀ tó wà ní Kánò sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń rí ara wọn. Ìyá náà ń fi ìkòkò ọbẹ̀ hàn án, ó ń bi í bóyá òun ti da epo sí i jù. Láti Post Office títí a fi yà sí ọ̀nà Basin, ọ̀rọ̀ wọn kò já. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwòrán náà dúró díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú, ni ọmọ yìí bá pòṣé, ó ní, "Màámi, ẹ má bìínú, nẹ́tíwọọ̀kì ìlú yìí ò dáa rárá."

Ẹ̀rín pa mí. Àgbà tó bá dá sí ọ̀rọ̀ fóònù ọlọ́fóònù, àbùkù ló ń wá. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwòrán yẹn dúró. Òpó nẹ́tíwọọ̀kì tó ń gbé ohùn rẹ̀ ní Post Office ti rí i pé kẹ̀kẹ́ wa ń jìnnà, ó sì ti fà á lé òpó tó wà níwájú lọ́wọ́. Ìyẹn náà tún fà á lé òmíràn lọ́wọ́, bí àwọn obìnrin agbo ilé ṣe máa ń gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ara wọn níbi ìsọmọlórúkọ, tí ọmọ náà kò sì ní í jí. Òpó mẹ́rin tàbí márùn-ún ló pọ̀n ọ́n dé Basin, ó sì ń pòṣé. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń tọ́jú irú òpó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí nípa ìgbà tí gbogbo agbo ilé wa ní ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọọ̀kì wà, àti bí ó ṣe ku díẹ̀ kí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi bàjẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó lè ní kí àgbà wá síbẹ̀.

Agbo ilé kéwú ni wọ́n bí mi sí, ní apá ìlú àtijọ́, kò jìnnà sí ọjà Ipata. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè ká ẹsẹ̀ sókè jókòó sí ojú fèrèsé, páànù sì ni wọ́n fi bò ó. Bàbá Kéwú, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni olórí ilé. Àwọn ọmọ bí ogójì máa ń jókòó níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ kéwú, ohun tó bá kà ni gbogbo wọn máa ń kà tẹ̀ lé e. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá fẹ́ sọ pé rárá, kò ní í gbé ohùn sókè, ilẹ̀ ló kàn máa ń wò. Bí ẹ bá ti rí i tó wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Bàbá tó bí wa wà ní Jídà, ní ilẹ̀ Sàúdí, ó ń ránṣọ níbẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́fà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wálé, torí bó bá jáde, wọn kò ní í jẹ́ kó wọlé mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ mímọ́, bàbá wa á fi kásẹ́ẹ̀tì kan rán an, àwa náà á sì ka ohùn tiwa sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ó fi rán ẹlòmíràn tó ń lọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, kì í gbà pé kásẹ́ẹ̀tì kò gbọ́ òun. Bí bàbá wa bá ti ní, "Ìyá mi, ẹ kú ilé," ló máa dáhùn pé, "O kú ìrìn, àkàndá ọmọ," á sì dúró kó fèsì. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá kọjá lọ láìdúró dè é, á ní ọmọ òun ti ń kánjú bí àwọn ará Sàúdí.

Tẹlifóònù wà o, a ò ní parọ́. Ó wà ní Post Office, nínú àpótí onígíláàsì, àfi kéèyàn tò. Mo bá Ìyá Àgbà lọ lẹ́ẹ̀kan. A dé ibẹ̀ ní àárọ̀, ó kan wa lẹ́yìn Àílà, ìrun ọ̀sán. Nígbà tí fóònù wá wọlé, ẹni tí a kò mọ̀ rí ló gbé e, ó ń sọ Lárúbáwá. Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún un gígùn, ọkùnrin náà ní àmín, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí a ṣe ń padà sílé, ó ní ìrìn náà kò ṣòfò, torí ènìyàn kan ti ṣàmín níbi tó sún mọ́ Mẹ́kà.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká wọ Ìlọrin, Bọ̀dá Sùlú ló kọ́kọ́ ní i nílé wa. Ọmọ àbúrò Ìyá Àgbà ni, ẹ̀wà ló ń tà ní Ipata. Fóònù rẹ̀ tóbi, ó ní ìwo kan lórí, ó sì so ó mọ́ ìgbànú lórí bùbá. Ó máa ń fọwọ́ kàn án ṣáá bó bá ń rìn. Àbùkù kan ló wà níbẹ̀: fóònù náà ń dún dáadáa ní Ipata, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ agbo ilé wa báyìí, ó di òkúta. Àwọn èèyàn ní bóyá kéwú ilé wa ló pọ̀ jù fún un.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Bọ̀dá Sùlú máa ń ní kí n bá òun di fóònù mú bó bá ń ṣe àlùwàlá, mo sì ṣàkíyèsí ọ̀pá kéékèèké tó wà ní igun ojú fóònù náà, tó ń fi bí nẹ́tíwọọ̀kì ṣe pọ̀ tó hàn. Bí mo bá dúró létí kànga, kò sí ọ̀kan. Níbi ọlọ, ọ̀kan máa ń yọ, á sì tún wọlé. Ni mo bá mú ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sára ògiri káàkiri ilé: òdo, ọ̀kan, òdo, òdo, ọ̀kan. Ìyá Àgbà nà mí nítorí ògiri tí mo bà jẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí ọ̀pá méjì wà tí kì í sì í lọ. Lórí ògiri ilé ewúrẹ́ ni. Ó ga tó àyà mi, àfi kéèyàn gùn ún kó sì jókòó, kó kọjú sí ìhà Post Office.

N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ó di ìgbà tí mo lọ sí yunifásítì kó tó yé mi pé òpó kan ṣoṣo ló wà nítòsí wa nígbà yẹn, Post Office ló sì wà. Ìgbì tó ń gbé ohùn jáde lára òpó jọ ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Bí ó bá kan ògiri alámọ̀ tó nípọn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, bó bá sì kan páànù, ó máa ń ta padà. Ògiri ilé ewúrẹ́ nìkan ló bọ́ sí àárín òrùlé méjì tó yà fún ara wọn, ibẹ̀ ni fóònù àti òpó ti ń rí ojú ara wọn. Àwọn ewúrẹ́ ló ń gbádùn gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì agbo ilé, wọn kò sì rí ẹni pè.

Ọdún yẹn náà ni Àǹtí Rámátù, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ ṣègbéyàwó. Tíṣà ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọlúàbí ọkùnrin tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ láti ìta gbangba kó tó wá kí wa. Ìjọba ti gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Kàíàmá, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Sátidé ni wọ́n dá fún yìgì, ìsopọ̀ ìgbéyàwó àwa Mùsùlùmí. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ náà nítorí bàbá wa, àwọn ẹbí ọkọ sì ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí ti Sátidé yìí bá tún yẹ̀, àwọn á gbà pé a kò fẹ́ fún àwọn lọ́mọ, ọmọ àwọn á sì wá ẹlòmíràn fẹ́.

Bàbá Kéwú ló yẹ kó so yìgì náà, ṣùgbọ́n ó ní bàbá tó bí Rámátù ṣì wà láàyè, àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ yan òun ní wákílì, kí òun lè dúró ní ipò rẹ̀. Ìwé tí a kọ sí Jídà kò lésì. Àwọn kan ní ṣebí ẹ̀gbọ́n bàbá náà ni, kó so ó, Ọlọ́run ti mọ̀. Bàbá Kéwú ní, "Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Bí mo bá so ó láìgbọ́ lẹ́nu bàbá ẹ̀, mo ti purọ́ lójú Ọlọ́run." Ó wo ilẹ̀. Àǹtí Rámátù wọ inú yàrá lọ, ó da ìborí bojú, ó sọkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Èmi ni mo ń bu omi tútù fún un. Ó dùn mí wọra, torí n kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. A ti fi nọ́mbà Bọ̀dá Sùlú rán ẹnìkan tó lọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà, pé kí bàbá wa pè wá ní Àlàmísì, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn Alásàrí, ìrun ìrọ̀lẹ́, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó pè ní òwúrọ̀ Sátidé fúnra rẹ̀. Ní Àlàmísì, Bọ̀dá Sùlú gun ògiri ilé ewúrẹ́, gbogbo ilé pé yí i ká. Fóònù dún. Bàbá wa ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará ibí, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà ni àgbà, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á. Bọ̀dá Sùlú gbé ìyá náà bí àpò ẹ̀wà, ó gbé e ka orí ògiri. Ìyá Àgbà kí ọmọ rẹ̀. Ó ki oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kí i kú ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó kí i kú òógùn, ó kí i kú ìnira àwọn ará Sàúdí, ó bi í léèrè ara, oúnjẹ, ibùsùn, ó sì ròyìn gbogbo ẹni tó bímọ ní agbo ilé láàárín ọdún mẹ́fà. Bàbá wa náà, tó mọ ìwà, kò jẹ́ já ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń jẹ́ "hẹ̀n, Ìyá mi," ó sì ń kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Bàbá Kéwú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí ẹní ni, ó fẹ́ wá gbà á, nígbà tí ohùn náà já. Káàdì tó fi ń pè ní Jídà ti tán. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ yìgì.

Fóònù ìta tí gbogbo èèyàn ń lò ni bàbá wa fi ń pè wá láti Jídà, nọ́mbà tí a pè ní Post Office lọ́jọ́sí kì í ṣe tirẹ̀, a kò sì ní ibi mìíràn tí a lè pè é sí. Ìyá Àgbà nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn, nígbà tó sì rí ojú Àǹtí Rámátù, tirẹ̀ náà rọlẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ẹbí ọkọ dé pẹ̀lú obì àti sàdáákì, owó orí ìyàwó. Lémọ́mù àdúgbò dé. Wọ́n tẹ́ ẹní láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìta, àwọn ọmọ kéwú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ funfun. Bàbá Kéwú jókòó lórí awọ àgbò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wé láwàní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ti sọ fún wọn pé bí kò bá gbọ́ títí di Àílà, kò ní í so ó. Bọ̀dá Sùlú wà lórí ògiri ilé ewúrẹ́ láti àsùbáà.

Fóònù dún. Bọ̀dá Sùlú kí bàbá wa, ó ní kó mú sùúrù, ó fò sílẹ̀, ó sáré gbé fóònù lọ fún Bàbá Kéwú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ló máa ní kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ dìde wá bá fóònù, níwájú àwọn àna? Fóònù ni í lọ bá àgbà. Kó tó kúnlẹ̀, ó ti já. Ó padà sórí ògiri. Ó tún dún. Bọ̀dá Sùlú pinnu pé òun kò sáré tó lákọ̀ọ́kọ́, ló bá sáré gan-an lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ ẹní àwọn àna mọ́lẹ̀, fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Ó tún já. Bàbá ọkọ tún agbádá rẹ̀ ká sórí èjìká, ó wo ojú òrùn.

N kò mọ ohun tó kó sí mi lórí. Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Kéwú, mo ní, "Bàbá, fóònù ò lè wọlé wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a. Orí ògiri ewúrẹ́ ló wà." Mo gbọ́ tí àwọn àgbà ń ṣe "hà". Ẹnìkan ní kí wọ́n wọ́ mi jáde. Bàbá Kéwú wo ilẹ̀. Ó wò ó pẹ́, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ọ̀pá méjì ni, Bàbá. Mo ti kà á."

Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Ó jáde láàárín àwọn àna tòun ti láwàní, ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá, ó ká ẹ̀wù ńlá rẹ̀ sókè, ó sì gun ògiri ilé ewúrẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ewúrẹ́ kan ń gbóòórùn bàtà rẹ̀. Mo ní kó kọjú sí Post Office, ó yí padà. Mo tún ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i o. Káàdì." Èyí ló nira jù nínú ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ fún. Gbogbo wa dúró. A dúró títí, fóònù kò dún, Àǹtí Rámátù sì yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó di férémù mú.

Ó dún. Bàbá Kéwú gba fóònù lọ́wọ́ Bọ̀dá Sùlú, ó gbé e sétí, ó ní, "Rámátù. Tíṣà. Òní ni yìgì. O gbà?"

Bàbá wa sọ fún wa lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àyà òun já, òun rò pé inú ló ń bí ẹ̀gbọ́n òun. Ṣùgbọ́n ó dáhùn. Nítorí pé àwọn ẹlẹ́rìí kò lè gbọ́, Bàbá Kéwú ń sọ ohun tó ń gbọ́ jáde sókè, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń kọ́ni ní kéwú: "Mo fi ọmọ mi Rámátù—"

Àwọn ọmọ kéwú, tí kò mọ̀ ju kí wọ́n tẹ̀ lé e lọ, ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Mo fi ọmọ mi Rámátù!"

"—fún Tíṣà ní aya—"

"Fún Tíṣà ní aya!"

"—mo sì yan ẹ̀gbọ́n mi ní wákílì."

"Mo sì yan ẹ̀gbọ́n mi ní wákílì!"

Ogójì ọmọ ló ké e, tó fi jẹ́ pé àwọn ará Ipata gbọ́ ọ. Lémọ́mù gbé etí sí fóònù, bàbá ọkọ náà gbé etí sí i, àwọn méjèèjì mi orí. Ìyá Àgbà gba ìwọ̀nba tó kù, ó sì kó gbogbo ìkíni rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan, "Ọmọ mi," kó tó já. Àwọn obìnrin bú sáyọ̀. Bọ̀dá Sùlú jókòó sílẹ̀ láìní fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n so yìgì náà kí Àílà tó tó, Àǹtí Rámátù sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàíàmá ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ìdùnnú ọjọ́ yẹn ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ mọ bí fóònù tó wà lọ́wọ́ wa ṣe di mímọ̀ ní Jídà. Ó wá yé mi pé fóònù pàápàá mọ ìkíni. Bí ẹ bá ti tàn án, ó máa kí òpó tó sún mọ́ ọn, "mo wà níbí o," wọ́n á sì kọ ibi tó wà sílẹ̀. Ẹni tó bá pè yín láti òkè òkun, inú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa wá yín rí. Òpó kejì dé sí ẹ̀yìn Ipata, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Òpó kan kò lè gbé ohùn èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ṣe tẹ́ ìlú bí ẹní, òpó kan sí ẹní kan, etí ẹní gun ara wọn, kí ẹni tó ń rìn má baà já sílẹ̀ láàárín. Àwọn òpó tó jìnnà síra lè lo ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn àti ọ̀rọ̀ kúkúrú ni òpó ń gbé. Lẹ́yìn náà ló wá ń gbé ìwé, tó ń gbé àwòrán, títí ohùn pàápàá fi di ọ̀kan lára ẹrù tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń tò padà ní etí olùgbọ́. Okùn gíláàsì ló wá ń gbà á lábẹ́ ilẹ̀, tó ń gbé e dé òkun. Mo ti gun òpó tó ga ju mọ́ṣáláṣí èyíkéyìí ní ìlú yìí lọ, mo sì ti rí gbogbo òrùlé páànù àtijọ́ láti òkè.

Bàbá wa ti padà wálé tipẹ́. Bàbá Kéwú ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ní ọdún tó kọjá, Àǹtí Rámátù fa ọmọ tirẹ̀ fọ́kọ, ẹbí tó wà ní ìlú mẹ́rin ló sì wò ó lójú fóònù, ohùn kankan kò já. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń yangàn. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rí iṣẹ́ wa báyìí? Kò sẹ́ni tó tún máa gun ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, mo rí i, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tèmi, mi ò fetí sí ohun tí Bàbá sọ láti Jídà. Bàbá Kéwú ni mò ń wò, bó ṣe ká ẹ̀wù ẹ̀ sókè níwájú àwọn àna, tó ń gun ilé ewúrẹ́ nítorí mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti fà mí fọ́kọ."